Ilé Orí Ààlà

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ìkìlọ̀ náà dé. Ọjọ́bọ̀ la sin ọkọ mi.

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù wa, mo ń fọ ẹ̀wù tí Járẹ́dì wọ̀ kú, nígbà tí ọkùnrin kan tó gun ẹṣin pupa yọ láti inú koríko gíga. Ó ṣí àkẹtẹ̀ orí rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, oòrùn sì ti sun imú rẹ̀ débi pé ó ń bó.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu omi kànga tó wà níbi ìsọdá odò o. Onígbáméjì ti wọ inú ẹ̀. Láti àárọ̀ àná ni mo ti ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn."

Ìyá ọkọ mi, Tàbítà, ló nàka sí òkìtì erùpẹ̀ tuntun tó wà lẹ́yìn wa.

"Òun ni kí o lọ sọ fún," ó wí. "Òun ló mu ún."

Ọkùnrin náà wo òkìtì, ó wo ìyá, ó wò mí. Kò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, kò sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru òkúta láti etí odò wá sórí sàréè náà kí ìkookò má bàa hú u. Ó rù ú títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ìgbà tó parí ló tó sọ orúkọ rẹ̀.

"Ámásà Pruett ni mí. Ilẹ̀ tó bá tiyín pààlà níwọ̀ oòrùn ni mo kan èèkàn sí."

Bí mo ṣe pàdé ọkùnrin tí mo nífẹ̀ẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn máa ń sọ pé ibi ijó ni, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Tèmi, òkúta ló ń rù.

Ìgbà òtútù kò ní í jìnnà mọ́ ní Tékóà, bí a ṣe ń pe ibùdó wa. Gbogbo wa tó wá láti ìlà oòrùn wá tẹ pápá yẹn dó, òfin kan náà ló wà lórí wa: ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba kọ ìwé ilẹ̀ fún òun gbọ́dọ̀ ní ilé lórí ilẹ̀ náà, kó máa sùn níbẹ̀, kó sì lọ búra sí i ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Òmáhà. Opó lè gbà á lórúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n opó tó bá fẹ́ ọkọ mìíràn kí ìwé rẹ̀ tó jáde, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ilẹ̀ á di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé.

Igi kò sì pọ̀ ní pápá. Gẹdú tí Ámásà rí gé ní etí odò Pláàtì kò tó ilé méjì. Nítorí náà, a ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ṣáájú wa. A kọ́ ilé kan ṣoṣo sórí ààlà, ìdajì lórí ilẹ̀ mi, ìdajì lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ámásà ló fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà, òun náà ló fi èédú fa ìlà gbọọrọ sórí pákó ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ibùsùn tirẹ̀ wà níwọ̀ oòrùn, tèmi àti ti Ìyá wà ní ìlà oòrùn. Ààrò tó wà láàárín jẹ́ ti gbogbo wa.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruett," Ìyá wí lálẹ́ ọjọ́ tí a wọlé, "o rí ìlà yìí?"

"Èmi ni mo fà á, mà."

"O ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀."

"Bí iyọ̀ mi bá wá tán ńkọ́, mà?"

"Jókòó síbẹ̀ kí o pariwo. A ó jù ú sí ọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ó ti tó oṣù méjì tí ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí gbẹ̀yìn.

Ámásà kò mọ̀wé. Ojú tì í láti sọ. Mo rí i nígbà tó di ìwé ìròyìn àtijọ́ kan mú lódì tó ń mirí bí ẹni tó ń gbádùn rẹ̀. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ìlà wà láàárín wa, mo sì ń na ọwọ́ kọjá láti fi èédú kọ A àti B sórí pákó ilẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó le bí igi, ó sì ń gbọ̀n bó bá ti di èédú mú. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó ti lè kọ orúkọ rẹ̀, ó lè kọ tèmi, ó sì ti ń pè mí ní Olùkọ́ dípò orúkọ mi.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé ọwọ́ yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ. Mo kà á sí tèmi kí n tó ka ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sí tèmi.

Ní ìkórè ọdún kejì, gbogbo Tékóà pé jọ sí àká ìdílé Teague láti bó àgbàdo. Àṣà wa ni pé ọkùnrin tó bá bó àgbàdo tó rí i pé ọmọ inú rẹ̀ pupa lè fi ẹnu ko ọmọbìnrin tó bá wù ú lẹ́nu níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo rí i nígbà tí Ámásà bó ọ̀kan. Pupa bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán náà rí i. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tún irun rẹ̀ ṣe.

Mi ò mọ̀ pé mo lè kórìíra ènìyàn nítorí irun.

Ámásà wo àgbàdo náà, ó ki í bọ inú ẹ̀wù rẹ̀, ó sì mú òmíràn.

"Ámásà, kí lo fi pa mọ́ yẹn?" Dọ́káàsì Teague bi í. Dọ́káàsì ni aládùúgbò wa tó sún mọ́ wa jù, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ó ń ṣe bí ẹni tó ti níyàwó sílé," Dọ́káàsì wí, gbogbo àká sì rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Opó?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá lọ fún wàrà màlúù. Ámásà gbé àgbàdo pupa náà sórí ìlà èédú, ó sì dìde dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá.

"Èmi ò lè kọjá," ó wí. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fòfin de àgbàdo."

Mo dúró sórí ilẹ̀ mi, ó dúró sórí ilẹ̀ rẹ̀, a sì fẹnu ko ara wa lẹ́nu lórí ààlà. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sọ pé "ẹ" sí mi mọ́. "O" ló ń sọ. Ìgbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ níwájú Ìyá, ìyá arúgbó náà sọ ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Ẹ dúró títí ìwé méjèèjì á fi jáde," ó wí. "Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀ yìí. Mi ò ní í jẹ́ kó bọ́."

A gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé á jáde, a ó sì ṣègbéyàwó. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń retí láyé.

Ohun tó mú Ámásà di aṣòfin kò ju èyí lọ: ó mọ bí a ṣe ń parí ìjà ààlà. Bí ẹni méjì bá ń jà lórí èèkàn, òun ni wọ́n ń pè. Ó máa ń jókòó sáàárín wọn lórí koríko, á jẹ́ kí wọ́n pariwo tán, á wá béèrè ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Nígbà tí ìdìbò dé, Tékóà àti àwọn abúlé mẹ́ta mìíràn ní òun ni yóò lọ ṣojú àwọn ní Òmáhà. Ìyá fúnra rẹ̀ ló rán ẹ̀wù tó wọ̀ lọ.

"Ogójì ọjọ́ péré ni ìjókòó wọn, Olùkọ́ mi," ó wí fún mi.

"Ogójì ọjọ́ náà ni òjò fi rọ̀ tó fi pa gbogbo ayé run."

"Nóà padà délé, àbí kò délé?"

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, ọwọ́ rẹ̀ ni, wọ́gọwọ̀gọ, àwọn lẹ́tà tóbi bí bàtà. "Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n." Mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Èkejì náà dé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò rí bẹ́ẹ̀. Taǹganran ni ìkọ̀wé rẹ̀, ó dagun díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó lẹ́wà bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́. "Ọwọ́ mi gan nínú yìnyín nígbà tí mo ń sọdá odò," ó wí níbẹ̀, "oníṣègùn ti dì í. Lóìsì, ọmọ Adájọ́ tí mo dé sí ilé rẹ̀, ló ń bá mi kọ èyí. Ó ní kí n kí ọ."

Ó ní kí n kí ọ. Mo kà á títí ó fi sú mi, ó sì tún ń wù mí kà. Mo ń bi ara mi pé ṣé kò sí ọkùnrin kankan ní gbogbo Òmáhà tó ní ọwọ́ méjì. Ṣé gbogbo àwọn aṣòfin ni yìnyín ti jẹ lọ́wọ́ ni? Mo ń rí wọn: òun ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde, ọmọbìnrin yẹn tẹ orí ba lórí tábìlì, ó ń gbọ́ ohùn tó yẹ kó jẹ́ èmi ni mo ń gbọ́ ọ.

Dọ́káàsì ti Òmáhà dé lọ́sẹ̀ yẹn, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá.

"Mo rí aṣòfin yín," ó wí. "Ara ẹ̀ dá. Wọ́n ń kọ́ ọ níjó nílé Adájọ́."

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó gan?"

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jó lọ́hùn-ún, Opó." Ó wo ojú mi, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Má dá mi lóhùn jàre. Ó kàn ń jó ni. Ọkùnrin tó ń jó kò tíì ṣe nǹkan kan."

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn awọnlẹ̀ ìjọba dé Tékóà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ àti ẹ̀rọ wọn. Wọ́n wọn ọ̀dọ̀ wa ní òwúrọ̀ kan. Ọ̀gá wọn pè mí síta, ó fi èèkàn tuntun kan hàn mí nínú koríko. Èèkàn náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ìwọ̀ oòrùn ilé ni ó wà, ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án sí ògiri.

"Ààlà gidi nìyí, mà. Ẹni tó fẹsẹ̀ wọn tiyín tẹ́lẹ̀ ṣì í. Orí ilẹ̀ yín ni gbogbo ilé yín wà."

"Ọ̀gbẹ́ni Pruett wá ńkọ́?"

"Kò nílé lórí ilẹ̀ ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Kó wá kan ahéré kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kejì èèkàn yìí, kó sùn níbẹ̀, kó tó lọ búra. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹ ṣáà jẹ́ kó tètè gbọ́."

Mo kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo, mo sì ya èèkàn náà sísàlẹ̀. Nátánì, ọkọ Dọ́káàsì, ló máa ń kó lẹ́tà lọ sí Òmáhà ní ọjọ́rú-ọjọ́rú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ Ámásà, ìkọ̀wé dídagun náà ni. Mo ṣí i.

Kò sí "Olùkọ́ mi" níbẹ̀ mọ́. "Arábìnrin Késíà ọ̀wọ́n," ó wí.

Arábìnrin.

Mo jókòó sórí àpótí níwájú ààrò. Mo rò ó pé ó ti tán nìyẹn, pé wọ́n ti bá a fọ orúkọ mi mọ́ kúrò lẹ́nu. Mo mú lẹ́tà tèmi, èyí tí mo ya èèkàn sí, mo sì jù ú sínú iná. Mo sọ fún ara mi pé bó bá fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ dé, kó ní kí Lóìsì wá wọ̀n ọ́n fún òun.

"Ṣé Nátánì ti gba lẹ́tà náà?" Ìyá bi mí lọ́jọ́ kejì.

"Ó ti gbà á, mà."

Ìyá wo ààrò, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ ṣe parí, Ámásà gba ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ tààrà, ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó búra pé òun ní ilé lórí ilẹ̀ òun. Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí, Híráámù Sloat, dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó sì na àwòrán àwọn awọnlẹ̀ jáde. Wọ́n pa orúkọ Ámásà rẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ ti Híráámù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Òmáhà ti gbọ́ pé aṣòfin tó ń parí ìjà ààlà fún àwọn ènìyàn búra èké lórí ààlà tirẹ̀. Ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́.

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó lọ dúró ti èèkàn náà. Ó fi ẹsẹ̀ ka ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, ó kà á bọ̀. Ó wọlé, ó sì wo ìlà èédú tó wà nílẹ̀.

"Èmi ni mo fà á," ó wí. "Èmi náà ni mo ṣì í. Kò sẹ́ni tí mo lè bínú sí."

Mo bu kọfí fún un. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù títí dòní.

Nítorí pé kò tún ní ẹ̀gbẹ́ kankan nínú ilé náà mọ́, ó kó ibùsùn rẹ̀ lọ sí àká Teague. Àárọ̀-àárọ̀ ni mo ń gbé àkàrà àgbàdo lọ fún un níbẹ̀, gbígbóná, tí mo da oyin lé. Gbogbo Tékóà ń yìn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtìjú náà, inú mi tún dùn díẹ̀. Mo ń rò pé ọmọ Adájọ́ kò ní í fẹ́ ọkùnrin tí kò nílẹ̀.

Tèmi ṣì wà ní ọ́fíìsì. Wọ́n ń retí ẹ̀rí ìgbéyàwó èmi àti Járẹ́dì láti Òháyò, níbi tí a ti wá, wọ́n ní ó di ìkórè kí ìwé mi tó jáde.

Nígbà náà ni ogun bẹ́ láàárín Àríwá àti Gúúsù orílẹ̀-èdè wa.

Wọ́n ka ìwé ìpè níwájú ilé Teague. Àwọn ọkùnrin Tékóà fi ara wọn sílẹ̀ fúnra wọn, láìsí ẹni tó fi ipá mú wọn. Àṣà àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn fúnra wọn ló ń dìbò yan balógun wọn. Nátánì Teague ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"A ti gbọ́ ohun tí Òmáhà ń pè é. Ìlà ló ṣì, kò purọ́. Ta ni kò tíì ṣi ìlà rí níbí?"

Gbogbo àkẹtẹ̀ gòkè fún Ámásà. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná náà nu ojú, ó ń díbọ́n pé eruku ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wọn láti múra. Ní ọjọ́ kejì, Adájọ́ wá láti Òmáhà pẹ̀lú àsíá tí àwọn obìnrin ibẹ̀ rán fún wọn. Ọmọ rẹ̀ ló gbé e lọ́wọ́.

Mo ti ya àwòrán Lóìsì sí ọkàn mi ní oríṣiríṣi: ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Lóìsì tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ wọn, ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ṣọpọná ti jẹ ẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ó tọ̀ mí wá tààrà.

"Ẹ̀yin ni Olùkọ́," ó wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òun ni. Kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Nígbà tí mò ń bá a kọ lẹ́tà, ó pè é pé kí n kọ 'Olùkọ́ mi', mo sì rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó ní kí n pa á rẹ́, kí n kọ 'Arábìnrin'. Mo ní kò yẹ, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ó ní òun ò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn létí ẹlòmíràn."

Mo di ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Mi ò ní í purọ́ fún yín," Lóìsì tún wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, èmi á fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tí kò ní kò kàn mí. Bàbá mi ti mọ̀, òun náà mọ̀. Kò fún mi lésì. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kì í ṣe lẹ́nu ẹlòmíràn."

Bó bá jẹ́ pé ó bú mi, ǹ bá mọ ohun tí n ó ṣe. Owú tó ń jẹ mí tẹ́lẹ̀ kò ju igi ìdáná lọ. Èyí tó mú mi wàyí, iná pápá ni. Ó dára jù mí lọ. Ó bá mi sọ òtítọ́ ní ojúkojú, èmi tí mo sun òtítọ́ nínú ààrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ámásà wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Kò wọlé.

"Mo ti bá àlùfáà wa sọ̀rọ̀," ó wí. "Lọ́la, kí a tó wọkọ̀. Kò gba àkókò. Ṣé o gbà, Olùkọ́ mi?"

"Ilẹ̀ ńkọ́? Ìwé mi ò tíì jáde."

"Jẹ́ kó lọ. Tèmi náà ti lọ, mo ṣì ń jẹun. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé bí mo bá wà lọ́hùn-ún, ẹnìkan wà níbí tó jẹ́ tèmi."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó di àárọ̀. Nígbà tó lọ, Ìyá ń fa ìyẹ́ adìyẹ lẹ́bàá ààrò, kò sì gbójú sókè.

"O fẹ́ gbà," ó wí.

"Bí mi ò bá gbà, Lóìsì á gbà á."

"Òjòwú kò lẹ́ran láyà, Késíà. Mo rí lẹ́tà yẹn nínú eérú. Igun kan kò jóná tán, èèkàn tí o yà wà lára ẹ̀."

Mo yíjú sí i. "Ẹ mọ̀ látijọ́ yẹn, mà? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo rò pé ìwọ fúnra ẹ á sọ. Mo ń dúró." Ó fa ìyẹ́ kan tu. "Tó o bá fẹ́ ẹ lọ́la, màá padà sí Òháyò lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin, Híráámù kan á sì wá tú ilẹ̀ lórí Járẹ́dì. Mi ò ní bá ọ jà. O ti ṣọmọ fún mi. Ṣùgbọ́n má ṣe fẹ́ ọkùnrin nítorí kí obìnrin kan má bàa fẹ́ ẹ. Mo ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan máa ń ṣọ́ ilẹ̀kùn níbẹ̀ títí ó fi ń kú."

Ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ ogun ti tò sí etí odò. Àlùfáà ń dúró pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Lóìsì dúró ti ọkọ̀, ó di igi àsíá mú, ó sì kọjú sí omi kó má bàa dà bí ẹni tó ń wò wá. Ámásà rìn wá pàdé mi. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ẹ̀wù tí Ìyá rán.

"Kí o tó sọ ohunkóhun," mo wí, "ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ fi èèkàn yẹn hàn mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o tó lọ búra. Ó ní kí n tètè jẹ́ kí o gbọ́. Mo kọ lẹ́tà sí ọ, mo sì sun ún."

Ó wò mí bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò tíì mọ̀ kà dáadáa.

"Kí ló dé?"

"Lẹ́tà rẹ pè mí ní Arábìnrin, ọwọ́ Lóìsì ló sì kọ ọ́. Mo jowú."

"Wọ́n pè mí ní eléké ní gbangba, Késíà."

"Mo mọ̀."

"Inú àká ni mo ń sùn. O ń gbé àkàrà wá fún mi níbẹ̀. Pẹ̀lú oyin."

"Mo mọ̀, Ámásà."

Ó yí padà, ó rìn lọ sétí omi. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́ débi pé àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo rò pé ọkọ̀ ló máa wọ̀. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Inú ń bí mi," ó wí. "Mi ò mọ ìgbà tó máa tán. Ó lè má tán bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àlùfáà wà níbí, èmi náà wà níbí. Bí o bá ní kí a ṣe é, a ó ṣe é pẹ̀lú ìbínú náà. Mo ṣì fẹ́ ọ."

Lẹ́yìn èjìká rẹ̀, mo rí ẹ̀yìn Lóìsì àti ọwọ́ rẹ̀ lára igi àsíá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọbìnrin yẹn kò ní lè fẹ́ ẹ mọ́ títí ayé. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé kí n sọ ọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, èyí tí mo kọ́.

"Mi ò ní fẹ́ ọ lónìí, Ámásà. Èmi ni mo jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ bọ́. Bí mo bá fẹ́ ọ lónìí, tèmi náà á bọ́, kò sì ní í sí ohun tí màá fi san án padà fún ọ. Màá wà ní opó títí ìwé mi á fi jáde nígbà ìkórè. Ọjọ́ tó bá jáde, ìdajì ilẹ̀ náà, láti etí odò títí dé èèkàn yẹn, màá kọ ọ́ sí orúkọ rẹ, yálà o fẹ́ mi tàbí o ò fẹ́ mi mọ́. Bí Lóìsì bá kọ̀wé sí ọ lójú ogun, dá a lóhùn. Màá jowú, mo mọ ara mi, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni màá jẹ ẹ́. Bí ìbínú rẹ bá tán, tí o bá padà wá láàyè, tí èmi yìí náà lo ṣì fẹ́, wá tún bi mí. Màá dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni."